Ọdún 1973 Ló Bí Ìjà Yìí: Ìtàn 20W-50 àti 5W-30 ní Festac

Ètò tọ̀sẹ̀ yìí rèé ní kíkà, fún ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé gbígbọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì láìsí íápíìsì.

Tí ẹ bá ń gbé ní Festac, Satellite, Mile 2 tàbí ibikíbi ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí ẹ sì ní mọ́tò tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ ò ní ṣàì mọ ìjà yìí. Ẹ gbé Corolla yín lọ fún sáfíìsì. Fóònù yín ní 5W-30 ni kí ẹ rà. Bàbá mẹkáníìkì wo fóònù náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìyá rẹ̀ ní ọbẹ̀ sísè. Wọ́n ní, "Àǹtí mi, ẹ gbọ́. 20W-50 ni mọ́tò ń mu ní Èkó. Èyí tí ẹ ń fi hàn mí yẹn, omi ni. Oòrùn ibí á gbé e." Ẹ fẹ́ jiyàn, àmọ́ bàbá yìí ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí yín. Ẹ dákẹ́, ẹ sanwó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti ìgbà tí Uber ti dé Èkó ní 2014, tí Taxify tí wọ́n ń pè ní Bolt báyìí sì tẹ̀lé e, mọ́tò ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ti di ṣọ́ọ̀bù wọn. Tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹ ó wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn lọ sí Ládìípọ̀ ní Múṣin, tàbí sí ASPAMDA nínú Trade Fair, owó tí ẹ ti fi oṣù mélòó kan kó jọ á sì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, a ò ní kàn sọ pé "ẹ ra èyí, ẹ má ra tọ̀hún." Ìtàn la fẹ́ sọ. Ta ló kọ́ bàbá pé ọ́ìlì tó ki ló dáa? Ta ló kọ́ fóònù pé èyí tó ṣàn ló dáa? Tí a bá tọ ipasẹ̀ àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn, ọdún kan náà la máa bá a já: 1973.

Nọ́ńbà yẹn, kí ló ń wí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí. Ẹ rántí epo pupa nínú ìgò nílé. Lásìkò ọyẹ́, á dì, ẹ ó máa fi ṣíbí gbẹ́ ẹ. Ẹ gbé e sórí iná, á ṣàn bí omi. Bí ọ́ìlì mọ́tò náà ṣe rí nìyẹn: òtútù ń mú un ki, ooru ń mú un ṣàn. Ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ kó ṣe nǹkan méjì tó ta kora. Ó fẹ́ kó ṣàn kíákíá ní àárọ̀, kó tètè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ó tún fẹ́ kó má ṣàn jù nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti gbóná, kí irin má baà máa ha irin.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà mọ́tò ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ wọn ń jẹ́ SAE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905, ló gbé ètò nọ́ńbà kíki ọ́ìlì jáde ní 1911. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ọ́ìlì ṣe ki tó. Nígbà tó yá, wọ́n fi W kún un. W yẹn dúró fún àsìkò òtútù ilẹ̀ òyìnbó, ìgbà tí yìnyín ń bọ́. Nítorí náà, 5W-30 jẹ́ ọ́ìlì kan ṣoṣo tó ń hùwà bíi 5 nínú òtútù, tó sì ń hùwà bíi 30 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ní 100°C ni wọ́n ti ń wọn nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ooru ọ́ìlì máa ń sún mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá wo nọ́ńbà iwájú. Ní ìwọ̀n òtútù tó jìn sísàlẹ̀ òdo, -30°C, ni wọ́n ti ń dán 5W wò. Ti 20W jẹ́ -15°C. Ní Èkó ńkọ́? Àárọ̀ ọyẹ́ tó tutù jù, tí a ti ń wá súwẹ́tà, kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 20°C. Òtútù tí wọ́n torí ẹ̀ fi W sí ọ́ìlì kò lè dé Festac láéláé.

Àmọ́ ẹ má sọ pé nọ́ńbà iwájú ò wúlò fún wa rárá. Ní 40°C, 20W-50 sábà máa ń ki ju ìlọ́po méjì 5W-30 lọ. Ìyẹn ni pé láàárọ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò, ọ̀kan máa tètè gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì ju èkejì lọ.

Owó epo wọlé, mọ́tò wọlé

Oṣù Kẹwàá 1973. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì, Íjíbítì àti Síríà. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo rọ̀bì ní àwọn ò tà fún Amẹ́ríkà mọ́, torí pé ó ń ran Ísírẹ́lì lọ́wọ́. Àgbá epo kan tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12 nígbà tí 1974 fi máa bẹ̀rẹ̀.

Nàìjíríà ti wọ OPEC láti 1971, àmọ́ kò sí nínú àwọn tó ṣẹ́wọ́ epo fún Amẹ́ríkà. Ó ń ta tirẹ̀ ní owó tuntun. Owó ya wọlé bí òjò. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n fowó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó di 1975, wọ́n san àfikún náà pẹ̀lú èyí tó ti jẹ sẹ́yìn. Tí ẹ bá bi àwọn bàbá wa àgbà, wọ́n á sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ "Udoji" di orúkọ owó òjijì lẹ́nu ará ìlú.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe bọ́ síra. Oṣù Kẹta 1975, oṣù kan ṣoṣo yẹn, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń to mọ́tò ṣílẹ̀kùn. Peugeot wà ní Kàdúná. Volkswagen wà lójú ọ̀nà wa níbí, lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, ní Ọ̀jọ́. Bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù ibẹ̀ ni àwọn kọ́ńdọ́ ṣì ń ké pé "Volks!" títí dòní. Lóòótọ́, ìjọba ti bá Peugeot fọwọ́ síwèé láti 1972, kí owó epo tó gorí. Àmọ́ owó epo ló fún tíṣà àti akọ̀wé lágbára láti ra ohun tí wọ́n tò.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, láti ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 Oṣù Kejì 1977, gbogbo aláwọ̀ dúdú lágbàáyé péjọ sí Èkó fún FESTAC '77. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò náà ni ìlú tí a ń gbé lónìí, pẹ̀lú àwọn Avenue àti Road olónọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, wọ́n pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kó wọlé jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, irú àwọn tí Peugeot 504 àti Volkswagen ń wá kiri.

Ìwé àwọn Jámánì ni bàbá ń kà

Mọ́tò àkọ́kọ́ tí Volkswagen tò ní Ọ̀jọ́ ni èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá. Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Kò gbomi. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú lára, òun pẹ̀lú ọ́ìlì bíi lítà méjì ààbọ̀ péré. Kò ní ọ́ìlì fíltà bíi ti mọ́tò òde òní, sẹ́ẹ́ kékeré kan lásán ló ń sẹ́ ìdọ̀tí.

Tí ojú ọjọ́ bá gbóná, ẹ́ńjìnnì irú ìyẹn náà á gbóná sí i. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìlò Ìjàpá fi ń fi ojú ọjọ́ yan ọ́ìlì: èyí tó ṣàn fún ìgbà òtútù, SAE 30 fún ìgbà ooru, SAE 40 fún àwọn orílẹ̀-èdè olóoru. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà ní Jámánì ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. "Oòrùn wa ń fẹ́ ọ́ìlì tó ki" kì í ṣe àròsọ mẹkáníìkì. Ìmọ̀ gidi ni, fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tó di danfo ní Èkó, ẹ́ńjìnnì alátẹ́gùn bíi ti Ìjàpá ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀gá kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ gba fíríìdọ́ọ̀mù, òun náà di ọ̀gá, ó kọ́ ẹlòmíì. Nígbà tí ọ́ìlì olónọ́ńbà méjì gbòde, 20W-50 ló bá ohun tí wọ́n ti mọ̀ mu jù.

Ohun tí ebi epo kọ́ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1973 kan náà tí owó ń ya wọlé fún wa, àwọn ará Amẹ́ríkà ń tò sórí ìlà ní ilé epo. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ní 1975, ọdún tí Volkswagen ṣílẹ̀kùn ní Ọ̀jọ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin kan: kí ilé-iṣẹ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan rí i dájú pé gbogbo mọ́tò tó ń tà, tí a bá pín in dọ́gba, ń rin ìwọ̀n máìlì báyìí lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, á san ìtanràn.

Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò ti ń wá ibi tí wọ́n ti lè rí ẹ̀kán epo kan fi pamọ́. Ọ́ìlì wà lára rẹ̀. Ọ́ìlì tó ki ń fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn ń rìn nínú ẹrẹ̀. Èyí tó ṣàn ń jẹ́ kó yí fẹ́rẹ́. Epo tí mọ́tò kan máa fi pamọ́ kéré, àmọ́ ẹ fi í rọ mílíọ̀nù mọ́tò. Báyìí ni 5W-30 ṣe gbilẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bíi 2001, Honda àti Ford bọ́ sí 5W-20. Nígbà tó fi máa di 2010, Toyota ti ń kọ 0W-20 sórí ìdérí.

Ẹ́ńjìnnì náà yí padà. VVT-i tí ẹ ń rí lára Toyota, agbára ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń ti irin tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí. Ihò tóóró ni ọ́ìlì náà ń gbà kọjá. Ọ́ìlì kò kàn ń yọ̀ mọ́ irin lára mọ́. Ó ti di òṣìṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe pàdé ní Festac

Owó epo wá lọ sílẹ̀. Ní 1986, ìjọba gbé ètò SAP dé, náírà já. Mọ́tò tuntun di ohun àwòmójú. Iṣẹ́ ń kú lọ ní Volkswagen ti Ọ̀jọ́ títí wọ́n fi dáwọ́ dúró nínú àwọn ọdún 1990.

Ohun tó gba ipò wọn ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ọmọ: Tòkunbọ̀, ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun kó tó wálé. Mọ́tò àlòkù láti Yúróòpù gúnlẹ̀ sí Kútọnu, wọ́n gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n bá títì Àgbádárìgì bọ̀, wọ́n kọjá níwájú géètì Volkswagen tó ti dákẹ́, wọ́n sì wọ Festac. Lẹ́yìn náà, àwọn ti Amẹ́ríkà pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017, ìjọba fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó mọ́tò wọlé, pé èbúté nìkan ni kí wọ́n máa gbà.

Ẹ mọ̀ wọ́n: Camry "Big Daddy", Honda "End of Discussion", Camry "Muscle". Ọmọ tí wọ́n tọ́ sókè òkun, oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ ọ ló mọ̀. Big Daddy ti Amẹ́ríkà, 5W-30 ló wà nínú ìwé rẹ̀. End of Discussion, 5W-20. Muscle ti 2010 sókè, ẹlẹ́ńjìnnì 2.5, 0W-20. Bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì tó máa tọ́jú wọn, Ìjàpá, 504 àti danfo ló fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ dúró ná, ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn ìwé ìlò tí Toyota ń tẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe Amẹ́ríkà máa ń ní àtẹ ojú ọjọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rẹ̀. Lórí àtẹ náà, ẹ máa rí 5W-30, 10W-30, 15W-40, títí kan 20W-50 fún ibi tó gbóná. Ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìwé jẹ́ méjì. Òfin 1975 wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, fóònù yín kò parọ́, bàbá náà ò parọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ gbogbo òótọ́ nínú wọn.

Èwo wá ni ká rà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta mọ́tò yín. Ẹ wo déṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ máìlì ni nọ́ńbà ńlá ibẹ̀, tí sítíárì sì wà lápá òsì, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Ẹ wa ìwé ìlò rẹ̀ sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Tí ẹ bá rí ti Amẹ́ríkà, ẹ wá ti ilẹ̀ olóoru náà, kí ẹ fi wọ́n wé ara.

Èkejì, ẹ má fi oòrùn nìkan ṣe ìpinnu. Mọ́tò olómi kò dà bí Ìjàpá. Ó ní thermostat, ohun kékeré tó ń sé omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Tí omi, fáànù àti rédíétọ̀ bá pé, ìwọ̀n ooru kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń gbìyànjú láti dúró sí ní Festac àti ní ibi tí yìnyín wà. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àṣà yíyọ thermostat dànù "kí mọ́tò má baà gbóná", kí wọ́n tún wá da ọ́ìlì kíki sí i. Ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, ọ́ìlì náà ò sì ní ṣàn tó bó ṣe yẹ.

Ẹ̀kẹta, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í hàn lórí máìlì. Mọ́tò tó lo wákàtí mẹ́ta láàárín Mile 2 àti Àpápá lẹ́yìn tírélà ò rìn jìnnà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí náà. Títètè pààrọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ fi tọ́jú ìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, tí mọ́tò bá ti ń mu ọ́ìlì, tàbí tí ọ̀nà ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbò, ẹ lè gòkè ní ìgbésẹ̀ kan: láti 30 sí 40, irú 5W-40, 10W-40 tàbí 15W-40. Ẹ má fò láti 20 bọ́ sí 50 lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọ́ìlì kíki kì í wo ríìngì tó ti jẹ sàn. Àwọn Camry ẹlẹ́ńjìnnì 2.4 kan láti 2007 sí 2009 ní ìṣòro mímu ọ́ìlì tí Toyota fúnra rẹ̀ gbà pé ó wà, tó sì ṣàtúnṣe rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Àtúnṣe inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe.

Ní ti 20W-50, ipò rẹ̀ ṣì wà: fún 504, fún Ìjàpá, àti fún ẹ́ńjìnnì tí ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá dárúkọ rẹ̀.

Ẹ tún wo lẹ́tà API lára gálọ́ọ̀nù. Fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, lẹ́tà kejì ló ń sọ ọjọ́ orí. SN jáde ní 2010, SP ní 2020. SA títí dé SH ti di ohun àtijọ́. Ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti gbó, ẹ fi sílẹ̀ lórí káńtà, bó ti wù kí nọ́ńbà rẹ̀ dáa tó. Kí ẹ sì máa yọ gééjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, níbi tó tẹ́jú, kí ẹ tó tan mọ́tò. Nọ́ńbà tó péye ò lè ran ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀ lọ́wọ́.

Tí ẹ bá sì fẹ́ bá mẹkáníìkì yín sọ ọ́, ẹ má fi fóònù bá wọn jà. Ẹ bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìdérí yìí wí?" Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, á wò ó pẹ̀lú yín.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ọ̀rọ̀ yìí ò yọ àwa náà sílẹ̀. Ní 2013, SAE fi nọ́ńbà tuntun kan, 16, sísàlẹ̀ 20. Camry 2018 ẹlẹ́ńjìnnì 2.5 ti Amẹ́ríkà, 0W-16 ló ń mu. Mọ́tò yẹn ti ń di àgbà báyìí, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì ti ń wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún ogún kan máa fi 0W-16 hàn wá lórí fóònù, àwa tí a ti mọ́ 5W-30 lára máa ní, "Èyí, omi ni." Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ yẹn, ká kọ́kọ́ wo ìdérí.

Kí ló wà lórí ìdérí ọ́ìlì mọ́tò yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.